Bí mo ṣe lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì Corolla mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń da ọ́ìlì sí bíréèkì Corolla mi. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi á rì bí ẹni tẹ ẹrẹ̀. Tí mo bá pọ́ǹpù ú lẹ́ẹ̀mejì, á le. Mẹkáníìkì ò ní ọ̀rọ̀ méjì: "Ọ̀gá, ẹ ra ọ́ìlì." Ṣùgbọ́n ọ́ìlì bíréèkì kì í jóná bíi ti ẹ́ńjìnnì. Tó bá ń dín kù, tí páàdì ò sì tíì jẹ, ó ń jò níbì kan ni.

Ní Sátidé, mo fi òkúta dí táyà iwájú, mo jáàkì ẹ̀yìn sókè, mo sì yọ dúrọ́ọ̀mù ọ̀tún, irin róbótó tó bo bíréèkì ẹ̀yìn. Àṣírí tú! Rọ́bà inú sìlíńdà tó ń ti ṣúù (èyí tó ń di dúrọ́ọ̀mù mú láti inú) ti gé, inú dúrọ́ọ̀mù rin gbingbin. Mo pààrọ̀ sìlíńdà náà lódindi, mo sì pààrọ̀ ṣúù tọ̀tún tòsì, torí ṣúù tó bá ti mu ọ́ìlì kì í di dúrọ́ọ̀mù mú mọ́.

DOT 3, irú ọ́ìlì bíréèkì kan, ni wọ́n kọ sórí ìdérí másítà, ibi tí a ń da ọ́ìlì sí; òun náà ni mo rà. Mo ní àjẹkù kan nílé láti ọdún tó kọjá, mo dà á nù: omi inú afẹ́fẹ́ ló máa ń fà mu. DOT 3 tuntun kì í hó títí á fi gbóná dé 205°C. Èyí tó ti mu omi lè hó ní 140°C, àgàgà tí èèyàn bá ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Iṣẹ́ gan-an wá kù: ká lé afẹ́fẹ́ tó ti wọ inú bíréèkì jáde. Ọ́ìlì kì í ṣe é fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ṣe é fún. Ìdí tí pẹ́dà fi ń rì nìyẹn. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó jìnnà jù sí másítà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí sítíárí wa wà lápá òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún nìyẹn. Mo ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ nọ́ọ̀tì tí a fi ń fa afẹ́fẹ́, mo ri ẹnu rẹ̀ kejì sínú ọ́ìlì nínú ike kan. Àbúrò mi wà nídìí pẹ́dà.

"Pọ́ǹpù! Dì í mú!"

Mo tú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì ń hó pùtùpùtù. Mo dí i.

"Gbẹ́sẹ̀!"

Ó kù díẹ̀ ká parí ẹsẹ̀ kẹta, ni àbúrò mi bá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tún ti ń rì o." Mo sáré wo másítà: ó ti gbẹ, ó sì ti gbé afẹ́fẹ́ mì. Ẹ̀bi mi ni. A tún bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ọ̀tún.

Nírọ̀lẹ́, mo rọra wà á yípo àdúgbò, ó dì gan-an. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo rí i pé ọ́ìlì tó ta sí fẹ́ńdà ti bó ọ̀dà ibẹ̀. Mi ò tètè fi omi ṣàn án.