Jíìpù tó ń gbóná lọ́nà oko: ìbéèrè àbúrò mi àti ìdáhùn

Àbúrò mi kan tó ń dáko gbágùúdá lápá Ìkòyí-Ilé ra jíìpù Toyota 4Runner tòkunbọ̀ ọdún 1999, ẹ́ńjìnnì V6 onílítà 3.4, gíà ọlọ́túmátíìkì. Èmi náà ní irú ẹ̀, ti 1997, tí mo ń fọwọ́ ara mi tún ṣe nínú ọgbà ilé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́. Mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì o, olùkọ́ ni mí. Ohun tó bi mí lórí WhatsApp láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nìyí. Ìkíni àti àríyànjiyàn nìkan ni mo gé kúrò.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ń gbóná o. Tí mo bá wà lórí títì Ìlọrin, ọwọ́ géèjì ooru kì í kúrò láàárín. Àmọ́ tí mo bá ti yà sọ́nà oko, tí ẹrẹ̀ bá gbà mí mú díẹ̀, kíá ló ti dókè. Mẹkáníìkì ní kóun yọ tẹ́mósítààtì dànù, pé ilẹ̀ wa ò tutù, a ò nílò ẹ̀. Ṣé kí n gbà?

Ìdáhùn: Má gbà. Ìwọ fúnra rẹ ti dárúkọ àrùn náà, o ò kàn mọ̀ ni. Ọkọ̀ tí ara ẹ̀ balẹ̀ lórí eré, tó wá ń gbóná nígbà tó bá ń wọ́, afẹ́fẹ́ ló sábà máa ń wọ́n ọn. Lórí títì, eré ọkọ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ gba inú rẹdíétọ̀ kọjá. Nínú ẹrẹ̀, fáànù nìkan ló kù tó ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ká ní orí eré ló ti ń gbóná ni, ǹ bá ní inú rẹdíétọ̀ ló dí, tàbí pé omi ò yí bó ṣe yẹ.

Ní ti tẹ́mósítààtì, ilẹ̀kùn ni. Ó máa ń tì pa títí omi inú ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé nǹkan bíi 82°C, kó tó ṣí. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó yá, brain box á máa rò pé òwúrọ̀ ló ṣì jẹ́, á sì máa da epo lé epo. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta bẹntiróòlù báyìí, ṣé o fẹ́ fi owó gbágùúdá rà á tán ni? Tó o bá ń fura sí i, tú u, jù ú sínú omi nínú ìkòkò tí ẹ ò ní fi se nǹkan mọ́, kó o gbé e kaná. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣí kí omi tó hó. Bí kò bá ṣí, ra òmíràn. Nígbà tó o bá fẹ́ dá a padà, ihò kékeré tó ní irin tó ń mì lára rẹ̀ ni kó wà lókè, kí afẹ́fẹ́ lè rí ibi jáde.

Lówùúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná rárá, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wo àárín rẹdíétọ̀ àti kọ́ńdẹ́ńsà AC tó wà níwájú ẹ̀. Lára tèmi, ewé kaṣú àti irúgbìn koríko ni mo bá níbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ibùsùn ewúrẹ́. Fi ọ́ọ̀sì lásán fọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì síta. Má lo ẹ̀rọ alágbára tàwọn afọkọ̀, ó máa ń tẹ àwọn irin pẹlẹbẹ wọ̀nyẹn lulẹ̀. Lẹ́yìn náà, fọwọ́ yí fáànù, kó o sọ ohun tó o rí fún mi.

Ìbéèrè: Mo ti fọ̀ ọ́, ẹrẹ̀ pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́. Fáànù wá ńkọ́, bí mo ṣe tì í, ó yí bí ìgbà mẹ́fà kó tó dúró. Eruku tó lẹ̀ mọ́ àárín rẹ̀ tún dà bíi pé epo wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì ní ká yọ ọ́, ká fi fáànù oníná Camry síbẹ̀.

Ìdáhùn: Ó ti mú un! Àárín fáànù yẹn ní epo sílíkóónì tó ki nínú. Nígbà tí ooru rẹdíétọ̀ bá dé ibẹ̀, epo náà á gbá fáànù mú, á sì máa yí kíkankíkan. Bí epo náà bá ti jò tán, fáànù kàn ń ṣeré lásán ni. Fáànù tó dáa, bó o bá tì í nígbà tó tutù, ó yẹ kó gbọ̀n ẹ́ padà díẹ̀, kó má yí ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbóná gan-an, wàá gbọ́ tí á máa hó bí ìjì.

Ti fáànù Camry, mi ò sọ pé kò ní yí o. Ṣùgbọ́n rẹdíétọ̀ jíìpù fẹ̀ ju ohun tí fáànù kan ṣoṣo ti ọkọ̀ kékeré lè bò lọ, rẹwáyà á sì fi wáyà tí kò gbẹrù so ó tààrà mọ́ bátìrì. Ọjọ́ tó bá jóná, inú ẹrẹ̀ náà ni á ti jóná. Lọ sí Àràrọ̀mí ní Gate n'Íbàdàn, ra àárín fáànù nìkan. Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló dè é. Mú ti àtijọ́ lọ́wọ́ kí wọ́n má baà kó ti ọkọ̀ mìíràn fún ẹ.

Ìbéèrè: Mo ti pààrọ̀ ẹ̀. Nígbà tí mo tú omi dànù, ó pọ́n bí ìpata. Omi ẹ̀rọ ni mo fẹ́ dá padà, àbí?

Ìdáhùn: Omi ẹ̀rọ nìkan ló bà á jẹ́ dé ibẹ̀. Ra kúláńtì, pò ó mọ́ omi mímọ́ ní ìdajì-ìdajì. A ò ní yìnyín níbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kúláńtì ni kì í jẹ́ kí irin dípẹtà, ó sì ń jẹ́ kí omi pẹ́ kó tó hó. Ọmọrí rẹdíétọ̀ náà wúlò fún ìyẹn: bó bá di ooru mú dáadáa, omi lásán pàápàá lè tó 120°C kó tó hó. Rọ́bà abẹ́ ọmọrí tó ti gbó, owó kékeré ni. Pààrọ̀ ẹ̀. Má ṣe ṣí i nígbà tó gbóná, o ti rí ojú ẹni tó ṣe é rí.

Ohun tó o dà nù yẹn, má jẹ́ kó wà lórí ilẹ̀. Kúláńtì dùn lẹ́nu ẹran, ó sì ń pa ewúrẹ́ àti ajá. Gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà sí kànga, bò ó.

Ìyẹn nìkan kọ́. Epo gíà rẹ ń gba inú agbada ìsàlẹ̀ rẹdíétọ̀ kan náà kọjá kó lè tutù. Bí ògiri tó là wọ́n láàárín bá ya, omi á wọnú gíà. Fa ọ̀pá epo gíà jáde: bó bá funfun, tó dà bíi wàrà tí wọ́n fi pupa díẹ̀ sí, pa ọkọ̀ náà, má tún sún un. Bó bá ṣì pupa mọ́lẹ̀, dúpẹ́. Rẹdíétọ̀ tó ti lé ní ogún ọdún kò ṣe é fọkàn tán. Tó o bá fẹ́ fi owó ṣe ohun tuntun sára jíìpù yìí, kúlà gíà lọ́tọ̀ ni kó o kọ́kọ́ so síwájú, kó tó kan iná LED tàbí ohunkóhun.

Ìbéèrè: Nígbà tí mo wà lábẹ́ ẹ̀, táyà ọ̀tún iwájú ń ró kọ̀ kọ̀ bí mo ṣe ń mì í. Ó ṣe pàtàkì ni?

Ìdáhùn: Má wa ọkọ̀ náà mọ́ títí wàá fi yẹ̀ ẹ́ wò. 4Runner ọdún 1996 sí 2002, bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ìsàlẹ̀ wọn, ìyẹn bọ́ọ̀lù irin tó so ẹsẹ̀ táyà iwájú mọ́ ọkọ̀, ni àìlera wọn. Ìwúwo ọkọ̀ kì í tẹ bọ́ọ̀lù wọnú ilé rẹ̀, fífà ló ń fà á jáde. Bó bá jẹ tán, táyà á kàn ká sábẹ́ ọkọ̀ lórí ìrìn, láìkì ọ́ nílọ̀.

Gbé e sórí jáàkì, fi ẹsẹ̀ irin tì í lẹ́yìn, tàbí igi ìrókò tó nípọn. Má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì gbé e ró láéláé, ó ń fọ́ láìròtẹ́lẹ̀. Ki irin gígùn bọ abẹ́ táyà, gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹlòmíràn máa wo bọ́ọ̀lù náà. Bó bá ń lọ sókè sódò, ojúlówó ni kó o rà, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú bóòtù tuntun tí wọ́n fi ń dè é. Mi ò ní bá ẹ dúnàá dúrà lórí ìyẹn.

Ìbéèrè: Wọ́n ti ṣe é, òótọ́ lẹ sọ, ti ọ̀tún ti fẹ́ já. Nínú ẹrẹ̀, mo ń lo H4, gíà 4WD tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń fa ọkọ̀. Ṣé ó burú bí mo bá gbàgbé ẹ̀ sí H4 délé?

Ìdáhùn: Lórí ọ̀dà gbígbẹ, ó burú. Nígbà tó o bá ń yí, táyà iwájú ń rin ìrìn tó gùn ju ti ẹ̀yìn, H4 sì ti so wọ́n pọ̀, nítorí náà wọ́n á máa fa ara wọn. Ohun tó ń jẹ́ kí ọwọ́ wúwo nìyẹn. Ṣùgbọ́n má tún pa á tì pátápátá: Toyota fúnra wọn ní ká wà á ní 4WD tó kìlómítà 16 lóṣù, kí epo lè dé ara àwọn irin iwájú. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yanrìn ọ̀nà oko tó fún ìyẹn.

Nínú ẹrẹ̀ tó jìn, dúró, fi gíà sí N, kó o wọ L4, 4WD tó lágbára jù, tí kì í sáré. Bó o bá ń tẹ̀ ẹ́ lórí H4, inú gíà ni gbogbo ooru ń lọ, láti ibẹ̀ sì ni ó ti ń dé rẹdíétọ̀. Ìdajì gbígbóná tó o ń sọ láti ọjọ́ yìí wà níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ó ti tutù báyìí, mo lọ mo bọ̀ lánàá pẹ̀lú àpò mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ kí n wá fi táyà ńlá sí i kó ga.

Ìdáhùn: Mo mọ̀ pé á kan ibẹ̀! 265/70R16 ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ: 265 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà, 70 ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, 16 ni ìwọ̀n rímù ní íńṣì. Bó o bá bọ́ sí 265/75R16, gíga táyà náà láti ilẹ̀ dókè fi nǹkan bíi mílímítà 27 jù ú lọ, àmọ́ ìdajì rẹ̀ péré ni ọkọ̀ fi ń ga: mílímítà 13, kò tó ìka kan. Géèjì eré á wá máa parọ́ fún ẹ, bó bá sọ pé 100, ó ti lé ní 103. Ti 285, èyí tó tún fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, tí àwọn èèyàn ń pọ́n, á máa ha ara ọkọ̀ bó o bá ń yí, ẹ́ńjìnnì á sì tún máa ṣe wàhálà. Wà á lórí 70 rẹ.

Ọjọ́ orí táyà ló jù. Wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ní ìlà DOT: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tòkunbọ̀ tó ń dán lè ti lé ní ọdún mẹ́wàá, kí rọ́bà ẹ̀ ti gan. Bó o bá dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà, ya fọ́tò nọ́ńbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó yọ owó.