Bí a ṣe ń ṣètò sáfà kí ó má baà dákú nígbà tí èrò bá pọ̀

Ní ọjọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kubwa, níhìn-ín ní Àbújá, gbé èsì ìdánwò sórí ìkànnì rẹ̀, èmi ni mò ń bójú tó sáfà wọn, ẹ̀rọ tó ń fi ojú ewé ìkànnì náà ránṣẹ́ sí ẹni tó bá béèrè rẹ̀. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn òbí fi ya bò ó, ó sì dákú. Ẹ̀rọ náà kò kéré. Èmi ni n kò ṣètò rẹ̀ dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a ṣírò iye ìbéèrè tí sáfà lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ń lo Apache, ètò tó ń dáhùn ìbéèrè lórí sáfà, ní ìlànà tí wọ́n ń pè ní prefork, òṣìṣẹ́ kan (ẹ̀dà ètò náà kan) ni yóò dúró ti ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, olúkúlùkù wọn ló sì ń jẹ RAM, ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣiṣẹ́ lé lórí sí. Ká ní RAM jẹ́ GB 4, tí a yọ GB 1 sọ́tọ̀ fún àwọn iṣẹ́ mìíràn, tí òṣìṣẹ́ kan sì ń jẹ MB 50, nǹkan bí òṣìṣẹ́ 60 ni ìyókù lè bọ́. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fọwọ́ kan MaxRequestWorkers, ibi tí a ti ń kọ iye òṣìṣẹ́ tó pọ̀ jù lọ, 256 ni Apache yóò gbà láyè. Ìyẹn lé ní GB 12! Ẹ̀rọ yóò wá máa fi dísìkì ṣe RAM, ohun gbogbo yóò sì máa wọ́ bí ìgbín. Ohun tó bá mi gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, kí a dín àkókò tí ìbéèrè kan ń gbà kù. Òṣìṣẹ́ 60 tí ń lo ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lórí ìbéèrè kan lè dá 120 lóhùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí dátábéèsì, ibi tí a kó àkọsílẹ̀ èsì sí, bá fà á dé ìṣẹ́jú àáyá 2, 30 péré ni. Èsì tí kò ní yí padà mọ́ kò yẹ ní ohun tí à ń ṣírò lákọ̀tun fún òbí kọ̀ọ̀kan: ẹ ṣe é sílẹ̀ lóru, kí ẹ sì fi nginx, ètò sáfà mìíràn, síwájú Apache láti máa pín in lẹ́yìn tí a bá ti yẹ nọ́ńbà káàdì wò. Igor Sysoev gbé nginx jáde ní ọdún 2004, òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo sì lè mójú tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsopọ̀.

Èyí tí ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù ni dídá èrò tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ padà. Ìyá olóńjẹ ní Wuse, tó bá wo ìkòkò lọ́sàn-án Jímọ̀, kì í jẹ́ kí ẹni ẹ̀yìn tò dé iwájú kó tó sọ pé ó ti tán. Àṣẹ limit_conn inú nginx, tó ń fi ààlà sí iye ìsopọ̀, lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ Apache: yóò dáhùn kíákíá pẹ̀lú 503, àmì pé sáfà kò ráyè báyìí, a sì lè fi Retry-After, tó ń sọ ìgbà tí ẹni náà lè padà wá, kún un. Òbí tí a bá jẹ́ kó dúró fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú yóò tún ojú ewé náà tẹ̀, sáfà yóò sì máa ṣiṣẹ́ lórí ìbéèrè àkọ́kọ́ fún ẹni tí kò retí rẹ̀ mọ́.

Kí ọjọ́ èsì tó dé, ẹ fi ab, irinṣẹ́ Apache tó ń da ìbéèrè bo sáfà, dán an wò láti orí ẹ̀rọ mìíràn: ab -n 2000 -c 30 àti àdírẹ́sì ojú ewé náà (ìbéèrè 2000, 30 lẹ́ẹ̀kan náà), kí ẹ wá máa gbé 30 yẹn ga díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ìdáhùn bá ti ń falẹ̀ tí iye tó ń jáde kò sì pọ̀ sí i mọ́, ibẹ̀ ni ẹ ó fi ààlà sí, kódà bí RAM bá ṣì ṣẹ́kù.