Bí Mo Ṣe Tún Ilé Abà Bàbá Mi Ṣe

Yàrá méjì ni ilé abà náà, alámọ̀ ni, lẹ́yìn Ìkéré-Èkìtì, níbi tí èèyàn ti ń rí orí òkè Olósùnta bí ojú ọjọ́ bá mọ́. Iná ìjọba kò dé ibẹ̀, omi ẹ̀rọ kò dé ibẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ lóṣù kọkànlá, ikán ti jẹ ẹkẹ́, páànù ti di asẹ́.

Iná sólà ni gbogbo èèyàn ń bi mí léèrè. Òrùlé ni mo dojú kọ ní tèmi. Òjò ló ń pa ilé alámọ̀: ó ń jò látòkè, ó ń ta láti ilẹ̀ jẹ ìdí ògiri. Káfíńtà pààrọ̀ igi, a fi ọ́ìlì dúdú ra á nítorí ikán, mo sì ní kó na etí òrùlé jáde tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta. Ó kùn pé mò ń fi páànù ṣòfò. Mo ra òkúta wẹ́wẹ́ dà yí ìdí ògiri ká. Òkúta kì í wọ́n wa ní Ìkéré.

Ògiri ni mo ti kọsẹ̀. Mo ní kí bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, ó sì dán bí ẹyin. Ọyẹ́ dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya, ó ń já bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Ìyá kan láti abà kejì wò ó, ó rẹ́rìn-ín: “Ọmọ mi, sìmẹ́ǹtì ò bá amọ̀ tan. Ta ló fẹ́ ẹ fún un?” Òótọ́ ni. Amọ̀ ń wú bó bá mumi, ó ń sún kì bó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a lọ. A há gbogbo rẹ̀ kúrò. A gún koríko gbígbẹ mọ́ ilẹ̀ pupa, a bò ó mọ́lẹ̀ fún òru mẹ́ta, a fi rẹ́ ògiri lẹ́ẹ̀mejì, a wá fi bótò, ìgbẹ́ màlúù, pa á lójú. Òórùn rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kẹrin. Ìyàwó mi kò gbà títí dòní.

Sólà kò gbà ju ọjọ́ kan lọ: panẹ́ẹ̀lì 200 watt kan lórí òpó irin, ó kọjú sí gúúsù, ó jìnnà sí òjìji igi kòkó, bátìrì 12 volt, 100Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà). Gílóòbù mẹ́rin tó jẹ́ watt 5 fún wákàtí 5, 100 Wh (watt ìlọ́po wákàtí) péré ni. Fáànù kékeré àti fóònù kò lè dà á láàmú. Áyọ́ọ̀nù ni kò gbọdọ̀ wọ ilé náà. Lásìkò ọyẹ́, mo ń fi aṣọ tútù nu eruku ojú panẹ́ẹ̀lì.

Omi òjò ń gba ọ̀pá wọ dírọ́ọ̀mù. Òjò mìlímítà kan lórí òrùlé tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, lítà kan ni. A máa ń da ti àkọ́kọ́ nù, torí eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ.

Òjò àkọ́kọ́ bá mi níbẹ̀ lóṣù kẹta. Ibì kan ṣoṣo ló jò, níbi tí káfíńtà ti kan ìṣó sí kòtò páànù dípò orí rẹ̀. Ó wá fi kóòtà dí i, ó ní etí òrùlé mi tó gùn ló fà á.