Ẹ Má Tíì Tan PDP Yẹn: Àṣìṣe Tó Ń Pa Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Bí kọ̀ǹpútà àtijọ́ bíi PDP-8/e tàbí PDP-11 bá wọlé, tí a nu eruku ojú rẹ̀ tán, ohun tó ń wu èèyàn ni kó ki plọ́ọ̀gì bọ iná, kó rí i kí àwọn gúlóòbù iwájú rẹ̀ máa ṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọdún 1970 ni DEC, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ní Maynard, Massachusetts, l'Amẹ́ríkà, gbé irú méjèèjì jáde. Ẹ̀rọ tó ti lo ọgbọ̀n ọdún láìrí iná kò ṣeé jí lójijì.

Páwà sọ́pùláì, ìyẹn apá tó ń pín iná fún ẹ̀rọ náà, ló léwu jù. Àwọn kápásítọ̀ ibẹ̀, tó ń tọ́jú iná pamọ́, tóbi bí agolo mílíìkì. Èèpo tín-ín-rín tó bo alumíníọ̀mù inú wọn ló ń dá iná dúró, bí iná ò bá sì kàn án pẹ́, èèpo náà á ṣá. Ẹ tan án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kápásítọ̀ á gbóná, gáàsì á kún inú rẹ̀, omi gbígbóná á tú jáde. Ìyẹn ṣì kéré. Bí tránsísítọ̀ tó ń dín iná kù bá ti ṣọ́ọ̀tì, tí èyí tó yẹ kó gé iná náà sì ti kú, volt 5 tó yẹ kó dé ọ̀dọ̀ àwọn bọ́ọ̀dù á ga kọjá ààlà. Chip 7400, irú èyí tó wà lórí àwọn bọ́ọ̀dù náà, kì í gbà ju volt 7 lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ yọ gbogbo bọ́ọ̀dù. Ẹ fi rẹsítọ̀, ohun tó ń dí iná lọ́wọ́ kó má ṣàn jù, tú iná tó kù nínú kápásítọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ó lè pa èèyàn lára. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ máa fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn níná gba inú rẹsítọ̀, kí ẹ máa gbé volt sókè díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ẹ tẹjú mọ́ mítà: bí iná tó ń jò bá ń lọ sílẹ̀, kápásítọ̀ yẹn ṣì yè. Bí kò bá lọ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kí ẹ tó dá bọ́ọ̀dù padà, ẹ fi rẹsítọ̀ ńlá tàbí gúlóòbù ọkọ̀ dán páwà náà wò, torí volt tó pé nígbà tí ohunkóhun ò lo iná lè wó nígbà tí ohun tó ń lo iná bá dé.

Àwọn kan ń fi variac, ẹ̀rọ tí a fi ń yí volt iná tó ń wọlé sókè sódò, gbé gbogbo páwà dìde. Ó dára fún èyí tó ní tiransifọ́mà ńlá. Páwà oníswitching, èyí tó ń tan iná tó sì ń pa á léraléra kó lè yí volt padà, ní tirẹ̀, bí iná tó ń wọlé bá kéré, ṣe ló máa ń fa iná púpọ̀ sí i, ó sì lè jóná.

Ẹlòmíràn á pààrọ̀ gbogbo kápásítọ̀ kó tó wò ó rárá. Mi ò fara mọ́ ọn. Irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì lè ká ojú ọ̀nà bàbà kúrò lára bọ́ọ̀dù, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá àìsàn àtijọ́ ni tàbí ọwọ́ yín. Ẹ má sì fi irésà ha etí bọ́ọ̀dù tó ní wúrà; sípíríìtì àti aṣọ tí kì í tú òwú tó o.

Ní ti RK05, ẹ̀rọ tó ń ka dísìkì fún àwọn kọ̀ǹpútà yìí, fóòmù inú rẹ̀ ti jẹrà. Bí fáànù bá fẹ́ ẹ̀rúnrún rẹ̀ kan sábẹ́ orí tó ń kàwé, orí náà á ha dísìkì, ohun tó wà lórí rẹ̀ á sì lọ. Ẹ kó fóòmù náà kúrò, ẹ pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́, kí ẹ sì fi dísìkì tí kò ní nǹkan kan lórí dán an wò.

Èyí tó ń dùn mí jù ni mẹ́mórì onírin. Òrùka kéékèèké tí kò tó ẹyọ yánmọtí ni wọ́n fi wáyà hun pọ̀, wọn kì í sì gbàgbé nígbà tí iná bá lọ. Iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣe kẹ́yìn lórí ẹ̀rọ náà lè ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá kà á, ṣe ló ń pa á rẹ́ kó tó tún un kọ. Bí páwà bá mì láàárín méjèèjì, ó parí. Bọ́ọ̀dù yẹn ni kó wọlé kẹ́yìn, kí ẹ sì kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn kí ẹ tó gbé ètò kankan sí i.