Òórùn ti kúrò nínú garawa ìdọ̀tí wa

Èèpo iṣu àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ló ń rà tó ń dá ìdin sínú garawa wa, àwọn akólẹ̀kódọ̀tí kì í sì í tètè dé. Mo wá ike ọ̀dà àlòkù kan, mo fi ìṣó gbígbóná lu ìdí rẹ̀ níhò. Ibẹ̀ ni mò ń da èèpo sí báyìí. Bí mo bá da abọ́ èèpo kan, màá bu abọ́ méjì èérún pákó láti ọ̀dọ̀ káfíńtà lé e lórí. Èérún yìí gan-an ló ṣiṣẹ́: ó ń fa omi mu, atẹ́gùn sì ń ráyè wọlé. Ẹ má da eegun ẹja sí i o, eku á gbọ́! Tó bá ti dúdú tó sì fọ́ kúnná, ajílẹ̀ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ nìyẹn. Ike omi ní tirẹ̀, mo ń ṣàn án, mo ń tà á fáwọn tó ń ra ike kiri.