Bí a ṣe lè gun alùpùpù ní ìdájí ọyẹ́ láìjẹ́ kí ọwọ́ kú mọ́ wa lára

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé ilẹ̀ Ṣábẹ ní orílẹ̀-èdè Benin, láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń ti apá aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá a máa fi eruku bo àwọn òkè ìlú wa, ètè a bó, gìgísẹ̀ a sán, òtútù ìdájí a sì mú nini. Ẹni tó wà nílé lè fa aṣọ bora kí ó dúró de oòrùn. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ tètè débi ọjà Glazoué ní Ọjọ́rú, tàbí tó ní èrò tí yóò gbé dé Kílíbò kí ilẹ̀ tó mọ́, kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Òun ni mo kọ èyí fún, nítorí mo ti rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa ń wọ aṣọ lé aṣọ, síbẹ̀ a ń gbọ̀n, nígbà tó jẹ́ pé atẹ́gùn ló yẹ kí a kọ́kọ́ dí ọ̀nà mọ́.

Ara ènìyàn a máa mú ìwọ̀nba afẹ́fẹ́ tó fara kan awọ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná yìí ló sì ń ṣe bí aṣọ kan fún wa. Bí alùpùpù bá ti ń sáré, atẹ́gùn a gbá a lọ, ara a tún mú òmíràn gbóná, atẹ́gùn a tún gbé ìyẹn náà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ooru ara yóò ṣe máa tán díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ìṣirò ojú ọjọ́ sọ pé bí òtútù bá wà ní ìwọ̀n 10 Celsius, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lura wa ní kìlómítà 60 ní wákàtí kan, bí ìwọ̀n 5 ni yóò ṣe rí lára. Òtútù tiwa kì í sábà lọ sílẹ̀ tó 10, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni atẹ́gùn ń ṣe, ẹni tó bá sì dín eré rẹ̀ kù láti 60 sí 40 yóò mọ ìyàtọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, mo wọ ẹ̀wù òwú mẹ́ta, mo sì forí lé ọ̀nà Kílíbò láìbo ọwọ́. Nígbà tí ewúrẹ́ kan sáré bọ́ sójú ọ̀nà, mo rí i dáadáa, mo sì fẹ́ tẹ ìjánu, àmọ́ ìka mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kàn wà lórí irin ìjánu bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni wọ́n; mo ń wò wọ́n, wọn kò sì ká. Ìjánu ẹsẹ̀ ló gbà mí lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òtútù lórí alùpùpù kọjá ọ̀rọ̀ ìnira lásán.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé àyà ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ọwọ́. Bí òtútù bá ti kọlu àyà àti ikùn, ara a fa ẹ̀jẹ̀ sẹ́yìn láti ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kí ó lè fi dáàbò bo ọkàn àti àwọn nǹkan inú yòókù, ìka a sì tutù bó ti wù kí ìbọ̀wọ́ nípọn tó. Nítorí náà, ẹ wọ ẹ̀wù fẹ́ẹ́rẹ́ tó gbẹ dáadáa mọ́ ara, ẹ wọ súwẹ́tà lé e, kí ẹ sì fi ohun tí atẹ́gùn kò lè gbà kọjá sí òde pátápátá. Aṣọ òjò onírọ́bà tó wà nílé láti ìgbà òjò tó fún èyí, jákẹ́ẹ̀tì àlòkù tí wọ́n ń tà lọ́jà náà sì dára. Bí jákẹ́ẹ̀tì bá ní síìpù níwájú, ẹ ṣe bí àwọn àgbà oníṣẹ́ alùpùpù ti ń ṣe: ẹ yí i padà, kí ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní àyà yín, nítorí ojú síìpù ni atẹ́gùn máa ń gbà wọlé.

Ẹni tí kò ní jákẹ́ẹ̀tì lè lo ìwé ìròyìn àtijọ́. Ẹ ká ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún pọ̀ kí ó fẹ̀ láti ọrùn dé ìdodo, kí ẹ fi sí àárín ẹ̀wù àti súwẹ́tà, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ ìsàlẹ̀ bọ inú ṣòkòtò kí ó má baà yọ́ sílẹ̀. Mo gbẹ́kẹ̀ lé e ju ẹ̀wù òwú kejì àti ìkẹta lọ. Òwú a máa mu òógùn, bí ó bá sì ti tutù tán, yóò máa fa ooru kúrò lára ni. Ẹni tó ti forí ru ẹrù kó tó gun alùpùpù gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ẹ̀wù ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó gbéra.

Ní ti ọwọ́ fúnra rẹ̀, ìbọ̀wọ́ onírun fẹ́ẹ́rẹ́ nínú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí a fi ń fọ abọ́ lóde ṣe dáadáa, bí rọ́bà náà bá ti gba ọwọ́ láìfún un, nítorí ohun tó bá fún ọwọ́ pa kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rìn. Kí ẹ tó gbéra, ẹ tẹ ìjánu lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ rí i pé ìka yín ń ká délẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọrùn wà ní ìhòòhò. Ẹ we aṣọ mọ́ ọn, àmọ́ ẹ ki etí rẹ̀ méjèèjì bọ inú ẹ̀wù, nítorí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn lè bọ́ sínú ṣéènì tàbí táyà, kí ó sì fún ènìyàn lọ́rùn. Kásìkì, ìyẹn akoto, tó bo etí tó sì ní gíláàsì níwájú ń dáàbò bo ojú lọ́wọ́ òtútù àti eruku. Ẹ fi òrí pa ètè, imú àti ẹ̀yìn ọwọ́. Ṣòkòtò nínípọn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ ti tó fún ara ìsàlẹ̀. Ẹni tí orúnkún bá ń dùn lè fi páálí sábẹ́ ṣòkòtò.

Ẹ jẹun kí ẹ tó jáde. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà yóò fún ara ní ohun tí yóò fi ṣe ooru. Sódàbì, ìyẹn ògógóró, ni mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fẹnu kàn. Òótọ́ ni pé ó ń mú àyà gbóná, ṣùgbọ́n ṣe ló ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ sílẹ̀, tí ooru inú fi ń jáde bọ́ sínú atẹ́gùn, ẹni tó mu ún yóò sì máa tutù lọ láìmọ̀, yàtọ̀ sí ìjàm̀bá tí ọtí lè fà lójú ọ̀nà.

Bí ìka bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ẹ dúró. Ẹ ki ọwọ́ bọ abíyá, kí ẹ rìn síwá sẹ́yìn títí yóò fi máa ta yín, nítorí títa yẹn ni àmì pé ẹ̀jẹ̀ ti ń padà. Ẹ má ṣe gbé ọwọ́ tó ti kú lé páìpù èéfín, torí pé yóò jó kí ẹ tó mọ̀. Bí ẹni tó ti ń gbọ̀n bá dẹ́kun gbígbọ̀n lójijì láìtíì móoru, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kó gun alùpùpù mọ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọmọ tí ìyá pọ̀n sẹ́yìn ni mo máa ń bẹ̀rù fún jù, nítorí ọmọ ọwọ́ kò lè sọ pé òtútù ń mú òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì a sì máa yọ síta nínú ọ̀já. Ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ẹ dé e ní fìlà, ẹ fi aṣọ nínípọn bo ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì fi imú rẹ̀ sílẹ̀ kó lè mí. Ní gbogbo ìdúró, kí ìyá ki ọwọ́ tó gbóná bọ àyà ọmọ. Bí àyà náà bá tutù, ẹ yà sí ilé tó súnmọ́ yín jù lọ, kí ó gbé ọmọ mọ́ àyà rẹ̀, awọ sí awọ, lábẹ́ aṣọ, kí ẹ má sì tún gbéra títí oòrùn yóò fi yọ.