Ẹ má tíì so wọ́n pọ̀: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ bí a bá ń kó dátà láti ibi púpọ̀ jọ fún ìjábọ̀

Ìjábọ̀ méjì jáde lọ́jọ́ kan náà. Ti àwọn tó ń tajà sọ pé ọjà tà gan-an lóṣù tó kọjá, ti àwọn oníṣirò owó ní kò tó bẹ́ẹ̀. Kíá ni wọ́n á ti máa dá sọ́fítíwíà lẹ́bi, tàbí kí wọ́n ní apá kan ń parọ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó parọ́. Ibi tí wọ́n ti so dátà pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ́.

Àṣìṣe tó ń ba ìjábọ̀ jẹ́ jù ni kí èèyàn so àtẹ méjì pọ̀ láìmọ ohun tí ìlà kan dúró fún nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Àtẹ kìíní ń tọ́jú ọ́dà, ìyẹn ohun tí oníbàárà ní òun fẹ́ rà lẹ́ẹ̀kan, ìlà kan fún ọ́dà kan. Ọ́dà 1047 wà níbẹ̀, àpapọ̀ owó rẹ̀ jẹ́ 60,000. Àtẹ kejì wá láti inú sọ́fítíwíà ibi ìkẹ́rùsí, ó sì kọ ọjà inú ọ́dà náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjà mẹ́ta ló wà nínú 1047, ìyẹn ìlà mẹ́ta. Bí ẹ bá fi nọ́ńbà ọ́dà so àtẹ méjèèjì pọ̀, 60,000 á jáde lórí ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹ bá wá ro òpó owó pọ̀, 180,000 lẹ máa rí.

Sọ́fítíwíà kò ní ké, kò sì ní kọ ohunkóhun ní pupa, torí ohun tí ẹ ní kó ṣe ló ṣe. Ká ní gbogbo ọ́dà ló di ìlọ́po mẹ́ta ni, ẹ ò bá tètè fura. Àmọ́ ọjà kan ṣoṣo ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ọ́dà, díẹ̀ ló ní méjì tàbí mẹ́rin, nítorí náà àpapọ̀ á kàn ga díẹ̀, inú ọ̀gá á sì máa dùn. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù: àṣìṣe tó jọ ìròyìn ayọ̀, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ẹ kọ iye ìlà àti àpapọ̀ owó sílẹ̀ kí ẹ tó so àtẹ pọ̀, kí ẹ tún wò wọ́n lẹ́yìn náà. Bí ìlà bá jẹ́ 8,200 tẹ́lẹ̀ tó wá di 9,640, ẹ dúró níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ro àtẹ ọjà pọ̀ títí ìlà kan á fi kù fún ọ́dà kan, kí ẹ tó so ó mọ́ èkejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Remove Duplicates, bọ́tìnì Excel tó ń pa ìlà tó jọra rẹ́, wo àìsàn yìí. Bí ẹnì kan bá ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan, ní iye kan náà, títà gidi ni méjèèjì, ẹ ó sì ti pa ọ̀kan rẹ́.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà: ìlà á pòórá. Nínú Power Query, irinṣẹ́ Excel tó ń kó dátà jọ, bí ẹ bá yan Inner nígbà tí ẹ ń ṣe Merge, ìyẹn síso àtẹ pọ̀, gbogbo oníbàárà tí kò sí nínú àtẹ kejì á bá a lọ láìdágbére. Ẹ kọ́kọ́ lo Left Anti, á kó gbogbo àwọn tí kò rí ẹnì kejì wọn síta fún yín. Ní ti VLOOKUP, fọ́múlà Excel tó ń wá nǹkan láti inú àtẹ mìíràn, ẹ má fo àyè kẹrin inú rẹ̀: á máa wá èyí tó sún mọ́ dípò èyí tó bára mu gẹ́lẹ́. Ẹ kọ FALSE síbẹ̀. Bí kóòdù kan (nọ́ńbà oníbàárà tàbí ti ọjà) bá sì fara hàn lẹ́ẹ̀mejì nínú àtẹ yẹn, èyí àkọ́kọ́ nìkan ló máa mú.

Kí ló dé tí kóòdù kì í fi í bára mu? Nígbà míì, Excel ló ti fọwọ́ kàn án. Tí ẹ bá tẹ fáìlì CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tó ń fi kọ́mà pín dátà) lẹ́ẹ̀mejì kó lè ṣí, 00457 á di 457, bí nọ́ńbà bá sì gùn ju díjíìtì 15 lọ, àwọn díjíìtì tó kù lẹ́yìn ìkẹẹ̀ẹ́dógún á di òdo. Ẹ gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà. Ẹ má fi orúkọ oníbàárà so àtẹ pọ̀ rárá.

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọjọ́ pẹ̀lú máa ń tanni. 03/04/2024 jẹ́ ọjọ́ kẹta Oṣù Kẹrin fún ẹlòmíì, ọjọ́ kẹrin Oṣù Kẹta fún ẹlòmíì. Láti ọjọ́ 1 dé 12, kọ̀ǹpútà á gbà á láìjanpata, á sì gbé e sínú oṣù tí kì í ṣe tirẹ̀. Láti ọjọ́ 13 ló máa tó kọ̀, nítorí kò sí oṣù kẹtàlá. Bí ẹ bá rí òpó tí apá kan rẹ̀ di ọjọ́ tí apá kejì sì ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe àtúnṣe apá kejì nìkan, apá àkọ́kọ́ gan-an ló ti bàjẹ́. Ẹ ní kí orísun kọ̀ọ̀kan máa kọ ọ́ báyìí: 2024-04-03, ìyẹn ọdún, oṣù, ọjọ́.

Ẹ má sì ṣe ìpíndọ́gba lórí ìpíndọ́gba. Ẹ̀ka kan ní ọ́dà 10, ìpíndọ́gba 500. Èkejì ní 1,000, ìpíndọ́gba 50. Ẹni tó bá ro ìpíndọ́gba méjèèjì pọ̀, tó wá pín in sí méjì, á sọ pé 275. Ó lé díẹ̀ ní 54 ni òótọ́ rẹ̀.

Ẹ wo bí fáìlì ṣe ń gbà tó pẹ̀lú. Ní 2020, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn 15,841 tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní Kòrónà kò sí nínú iye tí wọ́n ń kéde láti 25 Oṣù Kẹsàn-án sí 2 Oṣù Kẹwàá. Fáìlì CSV ló ń wọlé, àjọ Public Health England sì ń kó o jọ sínú XLS, irú Excel àtijọ́ tí kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ. Èyí tó kù kò ráyè wọlé, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó wá àwọn tó ti sún mọ́ àwọn aláìsàn náà kàn. XLSX, irú Excel tuntun, ń gba ìlà 1,048,576, òun náà sì ní òpin.

Nígbà míì, gbogbo ìṣirò á tọ́, ìjábọ̀ méjèèjì kò sì ní bára mu síbẹ̀. Àwọn tó ń tajà ń ka owó lọ́jọ́ tí ọ́dà wọlé, àwọn oníṣirò owó ń kà á lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ínfọ́ìsì, wọ́n sì ti yọ ọjà tí wọ́n dá padà. Kò sí fọ́múlà tó lè yanjú ìyẹn. Ẹ pè wọ́n jókòó, ẹ jọ fẹnu kò lórí ohun tí "títà" jẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sí òkè ìjábọ̀ náà, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tí ẹ fa dátà kọ̀ọ̀kan wá.